Abba Kyari: Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mú àwọn tó jí Fálaè gbé, òun náà dé àtìmọ́lé

Ẹni tó bá ń tajà ní Ọ̀bà-Ilé, tó ní òun ò rántí ìgbà tí wọ́n jí Olóyè Olú Fálaè gbé, ẹ bi í bóyá àlejò ni. Ọjọ́ Monday ni, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015. Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá pé ẹni ọdún 77. Inú oko rẹ̀ ní Iládò ni wọ́n ká a mọ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ kan náà tí Ọ̀bà-Ilé wà. Ẹni tó ti ṣe akọ̀wé àgbà fún ìjọba àpapọ̀, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó, tó sì du ipò ààrẹ ní 1999! Bàbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé wọ́n fi àdá ṣá òun, wọ́n mú òun rìn nínú igbó, ó sì di ìgbà tí wọ́n san mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ọjọ́ 24 ló gba ìtúsílẹ̀.

Jìnnìjìnnì bo gbogbo àgbègbè náà. Ṣebí bí wọ́n bá lè gbé Fálaè, kí ni ti ìyá elélùbọ́ tó ń lọ ra iṣu lóko? Kí ni ti kápẹ́ńtà tó ń wá pákó lọ sínú igbó?

Ìjọba ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ikọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Àbújá ni wọ́n rán wá, Abba Kyari ni olórí wọn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi tẹ àwọn afurasí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ rán ọkùnrin méje lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ pé, ó dáa, ọlọ́pàá ṣì wà ní Nàìjíríà.

Ta ni Abba Kyari yìí? Ọmọ ìpínlẹ̀ Borno ni. Ọdún 2000 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní Wudil, ìpínlẹ̀ Kano. Èkó ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ròkè, nígbà tó ń darí ikọ̀ SARS tó ń gbógun ti adigunjalè. Àwọn ló mú Gòdògódó ní 2013, ọ̀gá adigunjalè tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba gbogbo Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2017, wọ́n mú Evans ní Magodo, gbọ́mọgbọ́mọ tó ń fi owó dọ́là díyelé orí èèyàn. Ní oṣù keje 2018, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn 22 tí wọ́n fura sí pé ọmọ Boko Haram ni jáde ní Maiduguri, wọ́n ní àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọbìnrin Chibok. Ikọ̀ Kyari ló mú wọn. Fóònù ni wọ́n sábà máa ń fi tọpa ọ̀daràn, bó o bá ti pe ìpè kan, wọ́n ti mọ ibi tó o wà.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn o. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 2019, àwọn ọmọ ikọ̀ náà lọ mú Wadume ní Ibi, ìpínlẹ̀ Taraba. Àwọn ṣọ́jà yìnbọn fún wọn lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá mẹ́ta kú, Wadume sì sá lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tún fi rí i mú ní Kano. Nígbà tó di 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá pe Kyari, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Àfi bí ìlù ṣe yí padà! Ní oṣù keje 2021, orúkọ rẹ̀ jáde ní ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Hushpuppi, oníjìbìtì tí wọ́n padà fún ní ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún 11. Wọ́n ní Kyari bá Hushpuppi ti ẹnìkan mọ́lé nítorí ìjà owó. Kyari ní irọ́ ni. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, àjọ NDLEA kéde pé àwọn ń wá a lórí kokéènì kílò 25 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wọ Enugu. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ kí wọ́n jọ pín in. Ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá fà á lé wọn lọ́wọ́. Nílé ẹjọ́, ó ní òun ò jẹ̀bi.

Ẹ wá wo ayé. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé àwọn ń wá Kyari, ilé ẹjọ́ ní Ìkẹjà rán Evans tó mú lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Gómìnà Akeredolu ní àwọn tó kú tó 40. Irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rán Kyari nìyẹn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wọ̀n Kuje ló wà. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà, àwọn afẹ̀míṣòfò já wọ Kuje, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 sá jáde, títí kan àwọn tí wọ́n fura sí pé ọmọ Boko Haram ni. Kyari ò sá.

Àwọn kan á ní, ṣe bí wọ́n ṣe ń san oore nìyẹn? Àwọn mìíràn á ní, ṣebí gbogbo ọlọ́pàá ni olè. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ṣì rántí Anini tó da Benin rú ní 1986. Ọlọ́pàá ni George Iyamu tó ń bá a ṣe, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì yìnbọn pa òun àti Anini ní oṣù kẹta 1987. Ṣùgbọ́n ta ló mú Anini? Ọlọ́pàá náà ni, Kayode Uanreroro, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1986. Iṣẹ́ kan náà, aṣọ kan náà, ìwà ò bára mu.

Ti Iyamu ti parí, adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Ẹ má fi wé ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí Kyari bá jẹ̀bi, àwọn tó mú ò ní tìtorí ẹ̀ di ẹni rere. Bí kò bá sì jẹ̀bi, kò yẹ kí àtẹ́wọ́ ọdún 2020 dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bi í léèrè.

Ohun tó yẹ kí ará Ọ̀bà-Ilé dì mú ni pé ẹnìkan ṣoṣo ò lè jẹ́ ọgbà fún ìlú. Kì í ṣe òkìkí Kyari ló rán àwọn méje yẹn lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, ìyá ọlọ́jà, bẹ́ ẹ bá rí ohun tó ń kọ yín lóminú lọ́nà oko, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí ẹ sì jẹ́ kí baálẹ̀ náà gbọ́. Bí ọ̀kan bá sùn tàbí tó gbàbọ̀dè, èkejì á ta yín lólobó.