Ta Ni Yóò Tún Ọkọ̀ Wa Ṣe?

Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gba àlejò tí kì í tán nílé. Bí ó ti ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bèèrè owó. Kò sì sí oṣù tí ohun kan kì í ṣe é. Nítorí náà ni ìbéèrè kan fi máa ń dìde láàrin àwa olùkọ́ ní àkókò ìsinmi: ó ha sàn kí olúkúlùkù máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, tàbí kí ó gbé e lé atúnmọ́tòṣe lọ́wọ́, kí ó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ? Àwa ti wà ní ìhà méjèèjì rí, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ti nà wá ní ẹgba tirẹ̀. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1986 ni a ra Volkswagen àlòkù kan, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ náà pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kì í sì í mu omi. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì nìkan ni ń tù ú lára. Ọ́ìlì yìí kò sì pọ̀, lítà 2.5 péré ni. Bí ó bá bàjẹ́ tàbí tí ó dín, ẹ́ńjìnnì ti wọ wàhálà nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a gbẹ́kẹ̀ lé atúnmọ́tòṣe kan pátápátá. Bí a bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ó máa yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, iye tí ó bá sì pè ni a ó san. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọ́ìlì tuntun, a fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ wa kan ti kọ́ wa. Ọ́ìlì tuntun a máa mọ́ bí oyin. Èyí tí a rí dúdú bí èédú ìdí ìkòkò. Kì í ṣe owó náà ni ó dùn wá jù. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwa tí ń mú ọmọ tí ó bá jí ìwé ẹnìkejì wò, a kò wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìṣojú wa.

A búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kan ọkọ̀ náà mọ́. A ra sípánà, a ra ìwé ìtọ́nisọ́nà. Bí a bá ti rìn tó 5,000 kìlómítà, a ó da ọ́ìlì nù, a ó fọ asẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a ó wọn àyè ẹnu fáàfù, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.15 mìlímítà. A mọ̀ pé bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ń yí fáànù àti jẹnẹrétọ̀, àti pé bí ó bá já, iná pupa yóò tàn, a sì gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ wa dùn ún gùn. Ìgbéraga sì dé: a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń lọ sọ́dọ̀ atúnmọ́tòṣe ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọ́ìlì bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ní ọjọ́ Sátidé kan, a fi ọwọ́ ara wa pààrọ̀ rọ́bà inú bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ́ìlì inú páìpù ni ń ti bíréèkì. Bí a bá sì tú páìpù, afẹ́fẹ́ yóò wọlé. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa fún pọ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ lé e jáde tán. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ọ̀kan yóò máa tẹ bíréèkì, èkejì yóò máa tú ìdè kékeré tí ó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀. A ti kà á. Ṣùgbọ́n àwa nìkan ni a wà nílé, ilẹ̀ sì ń ṣú. Nígbà tí a tẹ bíréèkì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ó le díẹ̀, a ní ó tó.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó sí ọ̀nà Ọjà'ba ní Ìbàdàn, a tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wa sì lọ kanlẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá níwájú. A fa bíréèkì ọwọ́, èyí tí okùn irin ń fà láìlo ọ́ìlì, a sì darí ọkọ̀ sínú gọ́tà. Ó dúró. Ọmọ kan tí kò lè ju ọdún 8 lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Àárín àwa àti òun kò tó gígùn ọkọ̀ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." A kò lè dá a lóhùn.

Wọ́n bá wa pe àgbà atúnmọ́tòṣe kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní kí a jókòó, kí a máa tẹ bíréèkì, òun sì ń tú ìdè. Ọ́ìlì ń jáde pẹ̀lú ìfófòó. Ó ní, "Tíṣà, èyí tí ẹ ṣe dára. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ni ìbá pa ọmọ ọlọ́mọ."

Láti ọjọ́ náà ni a ti pín iṣẹ́. Ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ táyà, bẹ́líìtì àti fáàfù jẹ́ tiwa. Bíréèkì, ìdarí ọkọ̀ àti inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó bá ń ṣe tirẹ̀, a kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́. A ó dúró tì í, a ó bèèrè, yóò sì fi ohun tí ó gbó hàn wá kí ó tó fi tuntun sí i. Kò bínú sí i rí. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tí kò bá kọ̀ kí a wo ọwọ́ òun, a lè fọkàn tán an.

Ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣe Ìjàpá ìkẹyìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní, àrùn mìíràn sì wà tí a kò lè fi ojú lásán rí. Síbẹ̀ táyà ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́, bíréèkì ṣì ń fẹ́ ọ́ìlì. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ èyí tí ẹ bá lè kọ́, kí ẹ má baà fi ojú dídì san owó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ìmọ̀ yín pin sí, kí ẹ sì pe ẹni tí ó mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.