Igi Inú Ike Ọ̀dà

Nígbà tí ẹnì kẹrin wa ń lọ sílé, àpò méjì péré ló gbé. Owó ilé-ìwé ni kò pé; ó ní òun á fi ọdún kan wá owó ná. Ohun tí kò lè gbé wọ mọ́tò ni igi eucalyptus tó gbìn sínú ike ọ̀dà. Ó ní, "Ẹ bá mi máa bomi rin ín o." Àwa mẹ́ta tó kù ní kó má ṣèyọnu.

Bí ẹ kò bá mọ eucalyptus, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí. Òróró ewé rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí àwọn ìyá wa fi ń ra wá láyà nígbà ọ̀fìnkìn.

Àwa fúnra wa la gbé e sórí ògiri kékeré iwájú yàrá, torí pé ó ń dí wa lọ́wọ́ níbi tí a ń sá aṣọ sí. Ìjì tó ṣáájú òjò gbé e ṣubú. Ike là, orí igi náà ṣẹ́, èèpo rẹ̀ bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdánwò wà lọ́rùn wa, a fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí a máa padà dé ìdí rẹ̀, ewé ti gbẹ. A wá ń bára wa jà lórí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè. "Igi mi ńkọ́?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn pọ̀ pé, "Ó wà dáadáa."

Irọ́ yẹn ló lé wa dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tọ́jú òdòdó iwájú ilé-ìkàwé. Wọ́n fi èékánná ha èèpo igi náà nísàlẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ní àwọ̀ ewé. "Kò tíì kú. Ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ fẹ́ sin ín láàyè."

Wọ́n ní ká fi spirit nu ọ̀bẹ, ká gé gbogbo ibi tó ti gbẹ kúrò títí dé ibi tí ara tútù ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ìtúkiri, nítorí náà a gbé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀ lódidi sínú ike mìíràn tí a ti lu ihò sí nídìí. Wọ́n ní ká má tíì fi ajílẹ̀ sí i. Ká máa ki ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá gbẹ ká tó bomi sí i, torí igi tí kò léwé kì í mu omi púpọ̀.

Igi tó ga tó àyà wa wá kù ní ìwọ̀n rúlà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan kan. Bàbá ní ká ní sùúrù: ojú kan wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ tó ń sùn, tó máa ń jí bí orí igi bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ eucalyptus ṣe ń rúwé padà lẹ́yìn iná igbó ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a rí ọ̀mùnú pupa márùn-ún, kò ju orí ìṣáná lọ.

A pè é, a jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀. 'Dáadáa' yín ọjọ́ yẹn ti yá jù." Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun náà ń purọ́ fún wa. Ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ṣiṣẹ́ kò tíì san owó oṣù méjì fún un. Gbogbo ìgbà tó ń béèrè igi lọ́wọ́ wa, àwa ò béèrè òun fúnra rẹ̀ kọjá "Báwo ni?" Àgbà tó ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò, àwa ló ń bá wí.

Igi náà ti dé orúnkún wa báyìí. A gé ẹ̀ka mẹ́ta, a fi méjì tó lágbára jù sílẹ̀. A sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún un. Kò tíì tó owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i.

Bí ẹnì kan bá ti kúrò ní yàrá tiyín náà, ẹ pè é lónìí. Bó bá ní òun wà dáadáa, ẹ tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.