Orúkọ Obìnrin Inú Àwòrán

Inú ìwé kan ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán yìí, n kò sì lè ṣí ojú ìwé náà kọjá bọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, yẹtí wà ní etí rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wo wá rárá. Ó ń ro ohun kan tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, ọmọ ọba wo nìyí? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Fanny Eaton ni orúkọ rẹ̀, ní Jàmáíkà ni wọ́n sì bí i ní ọdún 1835. Ó bá ìyá rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ ọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó èrò. Nígbà tí ó di 1860, ó ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán láti jókòó fún wọn. Joanna Boyce ni ó ya èyí ní 1861, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni ó wà báyìí.

Ohun tí ó wú mi lórí ni pé Boyce kò kàn kun ọ̀dà dúdú kan ṣoṣo sí ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbà yẹn, ẹ̀yìn òyìnbó ni aláwọ̀ dúdú máa ń dúró sí, tí yóò gbé àwo lọ́wọ́. Níhìn-ín, òun nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Boyce kú ní ọdún 1861 yẹn gan-an lẹ́yìn tí ó bímọ, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Fanny wà láyé títí di 1924. Ó di opó, ó ránṣọ, ó dáná ní ilé onílé, ó tọ́ ọmọ. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta lé ibojì rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ àti ìran rẹ̀ ti wá ìtàn rẹ̀ kàn.

Ibi ìran rẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Fọ́tò ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lára ògiri yàrá bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó wé gèlè, ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá inú férémù ni àwa ọmọdé ń pè é. A kò béèrè ẹni tí í ṣe títí bàbá fi kú. Nígbà tí a wá béèrè, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni fọ́tò náà wà. Mo ti kọ orúkọ bàbá mi àti orúkọ agboolé wa sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ lókè wọn.