Nígbà tí Aládùúgbò Di Ẹlẹ́wọ̀n

Bóyá la fi lè rí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ Alexandra Palace. Orí òkè ló wà, kò sì fara sin rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti yin iná aláràbarà sójú ọ̀run níbẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti ń yọ̀ lórí yìnyín, ibẹ̀ náà ni BBC ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1936. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Àwòrán ló kọ́kọ́ tú u fún mi. George Kenner ló yà á, ayàwòrán ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1910. Lọ́dún 1915 ni wọ́n mú un, tí wọ́n ń gbé e láti ọgbà kan sí òmíràn, Alexandra Palace sì wà lára wọn. Gbọ̀ngán tí mo mọ̀ bí ẹní mowó ni mo rí nínú àwòrán yẹn, pẹ̀lú òrùlé gíga, àmọ́ ibùsùn ló tò lọ rẹrẹẹrẹ nílẹ̀. Nǹkan bí 3,000 ọkùnrin ló ń sùn níbẹ̀ papọ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká.

Wọn kì í ṣe sójà tí wọ́n mú lójú ogun. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, oníbúrẹ́dì, alápatà, télọ̀, agbáwo ní òtẹ́ẹ̀lì. Òmíràn nínú wọn ti gbé ìlú náà ju ogún ọdún lọ. Rudolf Rocker wà níbẹ̀, ẹni tó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1895, tó sì ṣagbátẹrù ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn aránṣọ lọ́dún 1912. Láti orí òkè yẹn, ìlú tẹ́ lọ níwájú wọn. Ẹlẹ́wọ̀n lè na ìka sí apá ibi tí ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1914, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó sá fún ogun ni wọ́n kó sínú Alexandra Palace. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ilé tí wọ́n fi gba àlejò ni wọ́n fi ti àlejò mọ́lé.

Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ri Lusitania, àwọn tó kú lé ní 1,100. Ìbínú gba ìgboro. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Jámánì ní Lọ́ńdọ̀nù àti Liverpool, wọ́n kó wọn lẹ́rù lọ; kódà ẹni tí kì í ṣe ọmọ Jámánì fara gbá a. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì oníbúrẹ́dì ọmọ Jámánì láàárọ̀ lè sọ òkúta lu fèrèsé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà rì, olórí ìjọba, Asquith, kéde pé kí wọ́n kó gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ ọ̀tá tó tó ogun jà, tí kò tíì gbàwé ọmọ ìlú, sí àtìmọ́lé.

Ìwé wá di nǹkan. Obìnrin tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ Jámánì rí, di ọmọ Jámánì lójú òfin nítorí pé ó fẹ́ ọmọ Jámánì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1914 ni òfin ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún àjèjì ilẹ̀ ọ̀tá láti yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1917, Ọba George Karùn-ún, tí orúkọ ìdílé tirẹ̀ náà ti Jámánì wá, fi ìkéde kan ṣoṣo di Windsor. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n dá padà sí Jámánì, wọ́n fẹ́ wọn ò fẹ́. Àwọn ọmọ Jámánì tó lé ní 50,000 ní Bìrìtìkó kù sí nǹkan bí 22,000.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sáwa náà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti Ìnísà tó ti kọ́lé, tó ti bímọ sí Kùmásí, palẹ̀ mọ́ ní kánmọ́kánmọ́. Àwa náà ṣe irú rẹ̀: lọ́dún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé ará Gánà. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù la sì sọ lórúkọ tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ìdí nìyí tí ara mi fi ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé tirẹ̀ ti jáde, tó ń sọ pé kí wọ́n kó gbogbo àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré dé sójú kan, kí wọ́n tì wọ́n mọ́bẹ̀. Mo máa ń rán an létí pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ṣì wà lájà. Lẹ́yìn náà ni màá ní kó bá mi ka ọjọ́ tó wà láàárín Lusitania àti ìkéde Asquith, kó sì sọ fún mi bóyá ọjọ́ mẹ́fà á tó òun láti wá lọ́yà.