Ìwọ̀ tí owó rẹ̀ kò gani lára, fún bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ

Àwọn ọmọ iléèwé ti gba ọlidé, wọ́n ti ń lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ní abúlé. Ìbéèrè kan ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí: kí la lè rà fún àgbà àti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi ìwọ̀ pẹja?

Ìyá kan tó ń ta gààrí wà lára àwọn tó bi wá. Orúnkún ti dá bàbá rẹ̀ dúró lóko, ilé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, ń lọ sọ́dọ̀ bàbá. Ó ti rí ọ̀pá ìwọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí ń ká okùn nígboro, ó sì fẹ́ yọ owó ọjà rà á. A ní kó dúró ná. Okùn ẹ̀rọ yẹn máa ń lọ́ mọ́ra lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, ọwọ́ àgbà tó ń gbọ̀n kò sì ní lè tú u. Ohun tí a sọ fún un nìyí:

1. Ọ̀pá: Ẹ gé ọparun tín-ín-rín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó lè fúyẹ́. Mítà 2 tó fún ọmọdé, mítà 3 fún àgbà. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ọ̀pá bá yín dé inú omi. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi tí kò ṣàn lè kó àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé.

2. Okùn: Okùn ọ̀rá mílímítà 0.30 tó fún ẹpìyà. Kó gùn tó ọ̀pá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Ìwọ̀: Bí nọ́ńbà ìwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Ẹnu ẹpìyà kéré, nọ́ńbà 8 tàbí 10 ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́bàá ṣóńṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀; tó bá gún ọmọ lọ́wọ́, kíá ló máa yọ. Ẹ so mẹ́ta-mẹ́rin mọ́ okùn sílẹ̀ láti ilé, torí ojú àgbà kì í tètè rí ihò ìwọ̀.

4. Ohun tó ń léfòó: Ẹ gé lára sílípáàsì tó ti gbó, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí bàbá lè rí i.

5. Ohun tó wúwo: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọdé ní òjé. Ṣebí ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi eyín tẹ̀ ẹ́? Májèlé ni. Òjé ló pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Nọ́ọ̀tù kékeré ti ọ̀kadà ṣe é lò.

6. Ìjẹ: Ekòló abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ẹ̀bà tó le. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn kan á ní kí ọmọ kúkú fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kó ẹja. Rárá o! Ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà ló ń kó, oògùn ara rẹ̀ sì ń pa ẹja.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bàbá tí orúnkún ń dùn kò lè bẹ́ sómi gba ọmọ. Yálà Aṣéjire ni o, tàbí odò abúlé, ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ níbi tí etí omi kò ti jìn. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wà nítòsí. Ẹ so okùn gígùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kẹ́ ẹ dé e pa, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàbá. Bí ọmọ bá já sómi, kẹ́ẹ̀gì ni kí bàbá jù sí i.

Gbogbo ẹrù yìí kò tó ohun tó ń ba owó ọjà jẹ́. Àgbà tí kò lè lo ọkọ́ mọ́ ṣì mọ ibi tí ẹja ń sá sí àti àsìkò tó ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìjẹ wo ni ẹpìyà fẹ́ràn jù ládùúgbò tiyín?