Ẹ rọra, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá ní Sábó, l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ń dùn mí. Wọ́n á sáré àsápajúdé ní Sátidé; tó bá di ọjọ́ Ajé, orúnkún ò ní jẹ́ kí wọ́n lè gun ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ máa rìn kánmọ́kánmọ́. Bí ẹ bá lè kí màláàmù onítíì dáadáa láìmí hẹlẹhẹlẹ, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ìwọ̀n yẹn ló dáa. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020, wọn ò ní kẹ́ ẹ ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Kódà, bó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ fi rìn, ó wà lára ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó rí dókítà ná.