Ohùn Tí Mi Ò Fẹ́ Gbọ́

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ́ńjìnnì mi ò nọ́ọ̀kì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú mi rí lè máa wò ó pé kí ló wà nínú ìyẹn tí mo fi ń jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to mọ́tò náà pọ̀ nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé wa ní Sheffield. Ẹlẹ́ni méjì ni, kò ní òrùlé. Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957 ló fi jọ, ìwé tí Ron Champion sì kọ ní 1996, tó ní èèyàn lè fi 250 pọ́n-ùn ṣe tirẹ̀, ló kó sí ọ̀pọ̀ wa lórí. Owó tó wọ tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ló wà nínú rẹ̀, Yamaha R1 ti 1998, oní-kábúrétọ̀ mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá. Alùpùpù máa ń dẹ̀gbẹ́ tó bá ń wọ kọ́nà, ọ́ìlì rẹ̀ á sì jókòó sísàlẹ̀ sọ́ńpù níbi tó yẹ kó wà. Mọ́tò kì í dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá fi eré wọ kọ́nà, ọ́ìlì á ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu páìpù tó ń fà á á wá máa fa afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ rárá kí bẹ́rìnnì ìdí kọ́nródì tó jóná, kí ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì. Mo ti jó páànù sínú sọ́ńpù láti dènà rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi ò fìgbà kan balẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orí Snake Pass ni mo ti ń bọ̀, ọ̀nà orí òkè tí kọ́nà kún inú rẹ̀. Mo délé, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí sìlóò, ni mo bá gbọ́ kà-kà-kà, kà-kà-kà, bí ẹni ń fi ṣíbí lu abọ́ irin. Mo pa á lójú ẹsẹ̀.

Mo jẹ́wọ́: ojora mú mi. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sì lè ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì náà fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Kí n tó wá sí ìlú yìí, mẹkáníìkì ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo gba fírídọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ní ìlú òyìnbó, iṣẹ́ mìíràn ni mò ń jẹun nídìí rẹ̀. Mọ́tò yẹn nìkan ló kù tó ń fi hàn mí pé ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ náà, mi ò sì fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Níkẹyìn, mo pe ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́.

“Fóònù yìí ń gé ohùn ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni kó o gbọ́ ọ fún mi. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ṣó ṣì ń dún?”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́.

“Ẹ̀ẹ́, ọ̀gá, ó ti lọ.”

“Jù ú sílẹ̀.”

Kà-kà-kà.

“Tó bá jẹ́ kíráńkì ni, ṣé kílọ́ọ̀ṣì ló máa pa á lẹ́nu mọ́? Fún un níná díẹ̀.”

Mo fún un níná kọjá 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ohùn náà tún pòórá. Nọ́ọ̀kì tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rinlẹ̀, iná àti ẹrù ló sì máa ń mú un le sí i. Mo fi etí ti ìdí sikirudíráfà gígùn, mo fi orí rẹ̀ kan bóòdì ẹ́ńjìnnì níbi púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti ń pariwo jù.

Ọ̀gá ní kí n lọ wo kábúrétọ̀. Mo yẹ fáàfù wò, àyè wọn pé. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbàràgàdà nítorí èéfín èsọ́ọ̀sì, mo gbé fáànù síwájú rédíétọ̀, mo so géèjì mẹ́rin tó ń wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn kábúrétọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan, ìkẹrin wà nísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ìyẹn ni pé kábúrétọ̀ yẹn ń ṣí ju àwọn yòókù lọ. Ṣílíńdà tirẹ̀ ń ta kíráńkì nípàá tó yàtọ̀, ilé kílọ́ọ̀ṣì sì ń gbọ̀n mọ́ jíà rẹ̀ lórí sìlóò.

Mo fi ìkíní bá ìkejì dọ́gba, mo fi ìkẹta bá ìkẹrin, kí n tó wá yí sukúrù àárín tó so méjì-méjì wọn pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, torí bí a bá yí i tíntín, gbogbo abẹ́rẹ́ ló ń rìn. Èèyàn á fún un níná, á jẹ́ kó padà wálẹ̀, kó tó gbà á gbọ́. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sójú kan, tí ohùn náà rọlẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá ò jẹ́ kí n ṣàjọyọ̀ pẹ́. “Ọ́ìlì ńkọ́?” Mo fa ọ́ìlì náà dànù, mo gé fítà rẹ̀ sí méjì, mo na bébà inú rẹ̀ sábẹ́ iná. Kò sí ègé irin tó ń dán níbẹ̀. Ọ́ìlì alùpùpù ni mo dà padà, torí inú rẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Ní báyìí, mò ń kówó jọ láti gbé ọ́ìlì rẹ̀ kúrò nínú sọ́ńpù lọ sínú táǹkì tó wà níta, mo sì ti sọ iye rẹ̀ fún ìyàwó mi.